Láti Ṣọ́ọ̀bù Irin dé Yunifásítì: Ọ̀nà Jíjìn tí Ọmọ Ọ̀ṣun fi ń Di Ẹnjiníà

Òṣogbo ti bá irin gbé pẹ́. Ní ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ ìlú náà, lẹ́yìn tó ti dé Ìbàdàn ní 1901. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ti wà lára ọmọ Òṣogbo. Nígbà tó di 1980, ìjọba àpapọ̀ dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó máa ṣe ẹ̀rọ tí àwọn mìíràn yóò fi ṣe ẹ̀rọ. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ìnarin (steel rolling mill) sí, ọ̀kan nínú mẹ́ta. Méjì tó kù wà ní Jos àti Katsina, wọ́n sì ṣètò pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa na irin tó tó 210,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ní Iléṣà, International Breweries, tí Olóyè Lawrence Omole ṣe agbátẹrù rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà ní 1978, ti òun ti bọ́ílà, páìpù, ẹ̀rọ amúǹkantutù àti ẹ̀rọ tí ń rọ ọtí sínú ìgò.

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ìmọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan á gbọ́ ìró pọ́ǹpù, á ní bẹ́árìn inú rẹ̀ ti ń jẹ. Òmíràn á wo bí irin ṣe ń bó lẹ́nu ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ẹ, á sọ bóyá irin náà le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹnjiníà ni wọ́n, wọ́n á ní rárá o, àwọn ò ní ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ló rí tó fi jẹ́ pé àwọn tó sún mọ́ ẹ̀rọ jù lọ nílẹ̀ yìí ni oyè ẹ̀rọ jìnnà sí jù lọ. Èmi kò gbà pé opolo wọn ló kéré. Ọ̀nà tó lè mú irú wọn dé ibẹ̀ wà, ó tilẹ̀ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ti yẹ̀ ní oríkèé. Gbogbo ibi tó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kan ti fa ọmọ lé ilé ẹ̀kọ́ kejì lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ọdún ọmọ náà ti ń ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọdún náà. Ẹni tó gba JAMB wọ yunifásítì lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama yóò fi ọdún márùn-ún ka Mechanical Engineering. Oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ ti IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, lábẹ́ ètò SIWES tí àjọ ITF gbé kalẹ̀ ní 1973. Ìyanṣẹ́lódì lè fa ọdún márùn-ún náà gùn, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọ̀nà kan gbọọrọ ni.

Ká wá sọ pé ọmọ kan jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ìjọba ní Òṣogbo tàbí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó rí iṣẹ́ sí ìdí ẹ̀rọ, ó sì fẹ́ kàwé láì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí òun ló ń gbọ́ bùkátà àwọn àbúrò. Pólì ni yóò kọ́kọ́ lọ. ND tí àwọn tó ń wá lójúmọmọ ń fi ọdún méjì ṣe, òun tó ń ṣe pátì-táìmù, tó ń wọ kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò fi ọdún mẹ́ta ṣe é. Bó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú sí HND, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ fi ọdún kan gba ìrírí lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò tún fi ọdún mẹ́ta mìíràn ka HND ní ìrọ̀lẹ́. Ọdún méje nìyẹn, kò sì tíì fojú kan yunifásítì. Bí kò bá fẹ́ gba ti HND, tó mú ND rẹ̀ lọ gba fọ́ọ̀mù Direct Entry, 200 level ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Ọdún mẹ́rin ló ṣẹ́kù níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́rin, méje náà ni, láì tíì ka ọdún tó fi ń dúró de ìwé ìgbàwọlé.

Ẹ tún un wò. Ọdún mẹ́ta ló fi gbọ́ Thermodynamics, Strength of Materials, Fluid Mechanics àti yíya àwòrán ẹ̀rọ ní pólì. Nígbà tó dé yunifásítì, ọdún kan péré ni wọ́n kà fún un. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ti kọ́ ni yóò tún jókòó gbọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan sípánà rí láyé wọn. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rè é.

Kì í ṣe pé a ò ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀ṣun ní wọn ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, jẹ́ gómìnà Ọ̀yọ́ àtijọ́, Pólì Ìbàdàn la ẹ̀ka sí àwọn ìlú kéékèèké kí ọmọ àgbẹ̀ má bàá rìn jìnnà kó tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù Ògún 1991, àwọn ẹ̀ka tó bọ́ sí ìhà wa dá dúró. Èyí tó wà ní Ẹ̀sà-Òkè, lórí òkè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, di Osun State College of Technology. Èyí tó wà ní Iree di pólì ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá tiwọn sílẹ̀ ní Ẹdẹ ní 1992. OAU ti wà ní Ilé-Ifẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Osun State University (UNIOSUN) dé ní 2006, Òṣogbo sì ni olú ọgbà rẹ̀ wà. Ní 2022, wọ́n fòfin sọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Iléṣà di yunifásítì. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ ní Iléṣà ní àárọ̀ lè kan gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìtòsí tí wọ́n wà síra wọn yìí kò tíì dé inú ìwé òfin ìgbàwọlé wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹnjiníà kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń kọ́ ní alẹ́, pé ẹ̀kọ́ ọ̀sán ni, ẹ̀kọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìtàn kò gbà fún wọn. Alẹ́ ni wọ́n ti bí ẹ̀kọ́ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1800, ní Glasgow, ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ George Birkbeck rí i pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń bá òun ṣe ohun èlò fẹ́ mọ ìdí tí ohun èlò náà fi ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Edinburgh, Leonard Horner wọ ṣọ́ọ̀bù Robert Bryson, ẹni tó ń ṣe aago, ó sì bi í pé ṣé àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ aago ń rí ẹ̀kọ́ ìṣirò gbà. Bryson ní wọn kì í rí i, pé àkókò iṣẹ́ àti owó ilé ẹ̀kọ́ kò jẹ́. Láti inú ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ti dá Edinburgh School of Arts sílẹ̀ ní 1821, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, kẹ́místìrì àti ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni Heriot-Watt University òní. Birkbeck tí a dárúkọ yẹn náà wà lára àwọn tó dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní London ní 1823, orúkọ Birkbeck ni ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń jẹ́ títí di òní.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ti Edinburgh, ní 1921, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà oníṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tuntun kan, National Certificate, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní fátírì lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń kàwé lálẹ́. Ẹni tó bá gba ti òkè rẹ̀, Higher National Certificate, lè gba ibẹ̀ lọ di ẹnjiníà gidi. Nígbà tí àwọn ọmọ wa wọ ọkọ̀ òkun lọ sí London ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ wọn tọ̀. Wọ́n ń to lẹ́tà ní póòsì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì ń sáré lọ sí àwọn pólì London lálẹ́. Nílé níbí, Awólọ́wọ̀ ti fi hàn wá ṣáájú ìgbà náà pé ìwé alẹ́ kì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ. Ìbàdàn ló jókòó sí tó fi gba oyè B.Com. ti London ní 1944, láì fi òwò rẹ̀ sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìṣòwò ló kà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ nílò ilé ìdánwò, nílò ṣọ́ọ̀bù, nílò ẹni tí yóò dúró tì ọ́ kí irin má bàá gé ọ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kíkàwé látọ̀ọ́kán lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lè yanjú ọ̀rọ̀ ti àwa. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù la nílò.

Kí ni òṣìṣẹ́ fátírì fẹ́ lọ gbọ́ ní kíláàsì tí kò tíì mọ̀? Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ ìnarin Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti hàn kedere jù.

Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, irin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní billet ni wọ́n máa ń kó wá. Wọ́n á ti í sínú iná títí yóò fi gbóná kọjá 1,000°C, tí yóò pọ́n bí ẹyín iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kì í bọ àárín rólà méjì tó ń yí, yóò jáde ní tín-ín-rín díẹ̀, á tún wọ àárín méjì mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí yóò fi di ọ̀pá irin tí a fi ń ṣe dẹ́kì ilé. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló mọ̀ pé rólà ìgbẹ̀yìn ń sáré ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ fíìfíì, àti pé bí eré wọn bá ṣì díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, irin náà yóò ká kò láàárín tàbí kó já. Wọ́n fojú rí i, wọ́n tilẹ̀ ti sá fún un. Kíláàsì ni yóò sọ ìdí rẹ̀. Irin kì í sọnù láàárín ọ̀nà. Iye tó wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni iye tó gbọ́dọ̀ jáde. Ká ní billet náà fẹ̀ ní mìlímítà 120 ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú rẹ̀ jẹ́ 14,400 mìlímítà alábalá. Ọ̀pá irin onímìlímítà 12 tó jáde, ojú tirẹ̀ kò ju 113 lọ. Ẹ pín ọ̀kan sí ìkejì, ẹ óò rí nǹkan bí 127. Ìyẹn ni pé bí billet bá ń rá wọlé ní ìdá mẹ́wàá mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ máa jáde ní nǹkan bíi mítà 12.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Eré tó ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan lọ nìyẹn, irin gbígbóná ló sì ń sá a.

Òṣìṣẹ́ tó lóye ìṣirò yìí kò ní dúró de àlejò láti òkè òkun kó tó yí eré rólà padà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ na irin onímìlímítà 16. Yóò jókòó, yóò ṣírò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ́ílà ilé iṣẹ́ bíà. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ géèjì kọjá ibi pupa. Kíláàsì ni yóò fi hàn án pé omi tó ń hó ní 100°C nínú ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀ yóò dé nǹkan bí 180°C kó tó hó bí ìfúnpá inú bọ́ílà bá tó báà (bar) mẹ́wàá, àti iye epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n náà yóò jẹ. Láyé tí dísù wọ́n yìí, owó ni ìmọ̀ yẹn fún ilé iṣẹ́.

Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ ìnarin Òṣogbo kò fi bẹ́ẹ̀ rí irin nà mọ́ láti ọdún pípẹ́. Billet tó yẹ kó máa wá láti ilé iṣẹ́ irin Aládjà kò dé bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Machine Tools náà kò dé ibi tí wọ́n fojú sùn ún. Ọ̀pọ̀ àgbà oníṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ti tú ká sí ṣọ́ọ̀bù tara wọn nígboro. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé wọ́n ṣì wà láàyè, ọwọ́ wọn ṣì mọ iṣẹ́, àwọn tí wọ́n sì ń kọ́ níṣẹ́ ni àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ó yẹ kí n ṣe ẹ̀tọ́ sí àwọn yunifásítì pẹ̀lú. Kì í ṣe ìkà lásán ló ń mú wọn dá ọmọ pólì padà sí 200 level. Ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ni fún ND, ti ìlò ni. Wọ́n á kọ́ ọ bí o ṣe máa rí èsì, wọn kì í sábà ní àyè láti wa ìdí rẹ̀ jinlẹ̀. Ní yunifásítì, ọdún kejì ni wọ́n ti ń wọ differential equations àti vectors, ẹni tí Calculus rẹ̀ kò bá dúró gírí yóò ṣubú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Direct Entry ló jẹ́ pé ibí yìí gan-an ni wọ́n ti kó ìwé tí wọ́n ń tún ṣe títí dé ọdún ìgbẹ̀yìn. Wọ́n mọ ẹ̀rọ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ìṣirò ló ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. Àmọ́ àìsàn tí a bá ti mọ̀ ṣeé wò. Bó bá jẹ́ ìṣirò ló kù, ìṣirò náà ni kí wọ́n kọ́ ọmọ náà, kì í ṣe kí wọ́n tún máa kọ́ ọ ní àwòrán ẹ̀rọ tó ti ń yà láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Oríkèé mìíràn tó yẹ̀ ni ti Chemistry. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ lè ní ìwé ẹ̀rí NABTEB tó dára nínú iṣẹ́ rẹ̀, nínú Maths àti Physics, kí pólì kan sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà á wọlé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, tó bá gbé ND rẹ̀ dé iwájú yunifásítì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Physics, Chemistry àti ọ̀kan mìíràn. ND tó dára kò lè dípò Chemistry tí kò sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un nígbà tó ń wọ pólì. Kí ló dé tí ìwé ìgbàwọlé pólì kò lè kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé: bí o bá ní in lọ́kàn láti lọ sí yunifásítì, ohun tí o gbọ́dọ̀ ní rè é?

Nǹkan tó tún ń jẹ àkókò ni transcript. Ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ ló ti gbọ́dọ̀ lọ sí ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbé e fúnra rẹ̀, èyí sì tọ́. Láti 2023, lẹ́yìn tí JAMB rí ọ̀pọ̀ ayédèrú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tó ń gba Direct Entry, wọ́n gbé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrò ní káfẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ti ara wọn. Èyí náà tọ́. Èrú àwọn kan ló sọ ọ̀nà àwọn olóòótọ́ di tóóró. Ṣùgbọ́n pólì àti yunifásítì tó wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà, tí ìjọba kan náà ń sanwó oṣù wọn, lè fi kọ̀ǹpútà fi èsì ránṣẹ́ síra wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kì í ṣe owó.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà HND ní ìjàkadì tirẹ̀. Àjọ COREN, tí òfin 1970 dá sílẹ̀, pín àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sí ìpele: ẹni tó ní HND lè forúkọ sílẹ̀ bí engineering technologist, àmọ́ kó tó lè kọ Engr. síwájú orúkọ rẹ̀, ó ní láti fi PGD tàbí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kún un. Ní 2021, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tí yóò fòpin sí ìyàtọ̀ láàárín HND àti oyè yunifásítì, ìyàtọ̀ náà sì ṣì wà lọ́jà iṣẹ́. Ní 2023, àjọ NBTE kéde ètò ọdún kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó ní HND lè fi gba oyè lọ́dọ̀ yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Àmọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ bi COREN bóyá wọ́n máa gba oyè náà fún ìforúkọsílẹ̀ ẹnjiníà, kó sì gba èsì rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, kó tó san kọ́bọ̀.

NYSC náà wà níbẹ̀. Wọn kì í pe ẹni tó ṣe pátì-táìmù sí àgùnbánirọ̀. Ìwé ìyọkúrò ni wọ́n ń fún un. Fún ẹni ọdún márùndínlógójì tó ti láya àti ọmọ, kò burú. Fún ọ̀dọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, àwọn agbanisíṣẹ́ kan ṣì máa ń wo ìwé náà bí ẹni pé ó sá fún nǹkan, èyí tí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Houston, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, ẹni tó ń wa takisí tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lè bẹ̀rẹ̀ Mechanical Engineering ní community college ní ìrọ̀lẹ́. Á parí Calculus, Physics àti Statics níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, kó tó gbé wọn lọ sí yunifásítì. Ohun tó ń mú ètò náà ṣeé gbára lé ni pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ti jókòó ṣáájú, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ: kọ́ọ̀sì tibí yìí, òun ni a gbà fún kọ́ọ̀sì tọ̀hún. Níbi tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò bá ti sí, àwọn náà ń jìyà rẹ̀. Àjọ GAO tó ń ṣọ́ ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2017, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yí ilé ẹ̀kọ́ padà ń pàdánù nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kírẹ́díìtì tó ti ní. Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀!

Àwa fúnra wa ti ṣe irú àdéhùn yìí rí, ó sì so èso. Ayọ̀délé Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí onímọ̀ ẹ̀rọ tó pegedé, kàwé ní Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Zaria. Ilé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe yunifásítì. Síbẹ̀, oyè B.Sc. ti London nínú Mechanical Engineering ló gbà níbẹ̀ ní 1962, ó sì wà ní ìpele àkọ́kọ́. Kò fi ọdún kan ṣòfò nítorí pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kéré. London ti gbà ṣáájú pé ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní Zaria tó ohun tí àwọn ń kọ́ni. Bí London àti Zaria bá lè gbọ́ ara wọn yé nígbà náà, mi ò rí ohun tó yẹ kó ṣòro láàárín Ẹ̀sà-Òkè àti Òṣogbo.

Ohun tí mò ń béèrè kò tóbi. Kí àwọn olórí ẹ̀ka Mechanical ní Ẹ̀sà-Òkè, Iree àti Ẹdẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní UNIOSUN àti OAU, kí wọ́n kọ àtòjọ kọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá sọ pé òun ti mọ àwòrán ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n dán an wò. Bó bá yege, kí wọ́n kà á fún un. Kí kíláàsì ìṣirò oṣù mẹ́rin wà ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ láti pólì, kí wọ́n tó wọlé. Yunifásítì Iléṣà ṣì jẹ́ tuntun, kò tíì ní àṣà tó le jù láti yí padà, ìlú ilé iṣẹ́ ló sì wà. Mo bẹ ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀ pé bí wọ́n bá ń ṣètò ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n fi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sọ́kàn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ń pín èèyàn sí ṣíìfù, ẹni tó wà ní ṣíìfù ìrọ̀lẹ́ lọ́sẹ̀ yìí kò lè wá sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà láàárọ̀, tí wọ́n tún un kọ́ nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tí yóò pàdánù. Owó olùkọ́ ni yóò ná wọn, kò ní ná wọn ní ilé tuntun. Kí àwọn ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i pé ọdún tí òṣìṣẹ́ lò nídìí ẹ̀rọ wọn tó fún IT, kí wọ́n má bàá tún rán ẹni tó ti ṣọ́ bọ́ílà fún ọdún mẹ́jọ lọ wá ibi tí yóò ti kọ́ bí bọ́ílà ṣe rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lẹ́nu iṣẹ́, ní Òkè-Fíà ní Òṣogbo, ní Ìsọ̀kùn àti Ìmọ̀ ní Iléṣà, ẹ má dúró de gbogbo ìyẹn. Ẹ lọ yẹ èsì ìdánwò yín wò lónìí. Bí Chemistry kò bá sí níbẹ̀, WAEC àti NECO ń ṣe ìdánwò fún ẹni tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, èsì ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà. Ẹ ra ìwé Calculus kan, kí ẹ máa ṣe ojú ewé kan lálẹ́. Bí ẹ bá wọ ND, ẹ rí i dájú pé èsì yín kò lọ sílẹ̀ ju 3.00 lọ, nítorí Upper Credit ni yóò jẹ́ kí wọ́n dá yín lóhùn ní Direct Entry. Kí ẹ tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, ẹ bèèrè bóyá NBTE (fún pólì) tàbí NUC (fún yunifásítì) àti COREN ti fọwọ́ sí ẹ̀ka Mechanical wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín.